Ẹ Kọ Máàkì Yín Kí Ẹ Tó Sọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ fíìmù ni mo gbé wá lónìí, àmọ́ kì í ṣe ti òṣèré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó tàbí ti ẹni tó kọ́lé tuntun. Ọ̀rọ̀ àwa òǹwòran gan-an ni. Ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí: ọ̀rẹ́ mẹ́rin, márùn-ún, á péjọ sí pálọ̀ ẹnìkan lálẹ́ Sátidé, ẹni tó ní dátà á wá fíìmù jáde, ẹni tó ni jẹnẹrétọ̀ á rọ epo sí i bí iná ò bá sí, wọ́n á wò ó tán, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní máàkì. Ẹnìkan á ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, èkejì á ní kí ló ṣe tó fi gba mẹ́jọ, márùn-ún ló tọ́ sí i. Àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀, òru á sì ti jìn kí wọ́n tó tú ká. Àwọn kan ka èyí sí eré ọwọ́-dilẹ̀. Èmi ò kà á sí bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ó wà lára iṣẹ́ tó wúlò jù tí òǹwòran lè ṣe fún eré Yorùbá lásìkò yìí, àmọ́ ó ní bí a ṣe ń ṣe é. Gbogbo ohun tí mo ní í sọ kò ju èyí lọ: kí oníkálùkù kọ máàkì tirẹ̀ sórí bébà kí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó la ẹnu sọ ohun tó rò. Bí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, iye èèyàn yòówù kó jókòó síbẹ̀, ohùn ẹyọ ẹnìkan ni wọ́n gbé jáde.

Ká tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó ń dájọ́ eré Yorùbá láyé àtijọ́. Hubert Ògúndé dá ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé eré láti ìlú dé ìlú, nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé, nínú gbọ̀ngàn ìlú, níbikíbi tí àyè bá ti gbà á. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládiípọ̀, Oyin Adéjọbí àti Moses Ọláìyá tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá náà rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn gbọ̀ngàn wọ̀nyẹn, òǹwòran kì í fi èrò rẹ̀ pamọ́. Bí eré bá dùn, ariwo á sọ. Bí kò bá dùn, wọ́n á pòṣé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀, òṣèré tó wà lórí pèpéle á sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ibi tí wọn ò rẹ́rìn-ín lónìí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n tún un ṣe kí wọ́n tó dé ìlú tó kàn. Karin Barber, ọ̀mọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí rìn, tó sì tẹ ìwé jáde lórí wọn ní 2000, fi hàn pé àwọn òǹwòran kì í kàn jókòó bí ère. Àwọn fúnra wọn ló ń yọ ẹ̀kọ́ inú eré jáde, tí wọ́n sì ń mú un lọ sílé. Nígbà tí fíìmù dé, tí Ọlá Balógun ṣe Àjàní Ògún ní 1976, tí Ògúndé gbé Ayé jáde ní 1979, ọ̀nà àtijọ́ náà ni wọ́n ṣì tọ̀. Ẹni tó ni fíìmù ló ń gbé e káàkiri, òun náà á sì wà níbẹ̀ tí èrò bá ń wò ó. Ìdájọ́ àti ẹni tí wọ́n ń dá lẹ́jọ́ jọ wà lábẹ́ òrùlé kan.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan yí. Ní 1982, fíìmù Bàbá Sàlá tó ń jẹ́ Ọ̀run Mooru jáde, àwọn olè sì dà á kọ sórí fídíò, wọ́n ń tà á kiri ìgboro, gbèsè wọ ẹni tó náwó sí i lọ́rùn. Ní 1986, ìjọba ológun gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé, náírà já wálẹ̀, fíìmù gidi tí wọ́n ń fi owó òkèèrè rà, tí wọ́n sì ń gbé lọ sókè òkun lọ fọ̀, di ohun tí apá ò ká mọ́. Fídíò ló kù fún àwọn òṣèré wa. Mi ò bá fídíò jà o. Òun ló mú eré wọ pálọ̀ ẹni tí kò lówó gbọ̀ngàn, òun ló sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí wọn kì bá tí láǹfààní di òṣèré. Àmọ́ ó gba ohun kan lọ́wọ́ wa tí a kò tètè fura sí: òṣé tí òǹwòran ń pa kò dé etí òṣèré mọ́. Ọlọ́jà kásẹ́ẹ̀tì ní Ìdúmọ̀tà, l'Ékòó, ló wá di adájọ́, iye tó tà nìkan ló sì ń kà. Bí apá kìíní bá ti tà, á ní kí wọ́n ṣe apá kejì, ì báà jẹ́ pé ìtàn ti parí tipẹ́. Ẹni tó bá ń bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí eré tó yẹ kó gba wákàtí kan àti ààbọ̀ fi ń gba mẹ́rin, ibẹ̀ ni kó ti lọ wá ìdáhùn.

Lónìí, ẹ̀rọ ló ń ka iye fún wa, àmọ́ ẹ wo ohun tó ń kà. Netflix pa ìràwọ̀ márùn-ún tó fi ń gba èrò òǹwòran rẹ́ ní 2017, ó fi àtàǹpàkò rọ́pò rẹ̀: ó dùn tàbí kò dùn ni ohun tó ń béèrè nígbà náà. YouTube, níbi tí àìmọye eré Yorùbá ń gbà jáde báyìí, fi iye àwọn tí eré kò tẹ́ lọ́rùn pamọ́ ní Oṣù Kọkànlá 2021. Ẹni tó gbé eré síbẹ̀ nìkan ló ń rí i. Ohun tó hàn jù sí àwa yòókù ni iye ìgbà tí wọ́n tẹ eré náà. Ẹni tó wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tó sì bínú jáde, ẹni tó wò ó dé òpin tó sì sunkún, bákan náà ni wọ́n rí nínú ìṣirò yẹn. Ní gbọ̀ngàn sinimá, owó ló ń sọ̀rọ̀. A Tribe Called Judah tí Fúnkẹ́ Akíndélé gbé jáde ní Oṣù Kejìlá 2023 ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní àwọn sinimá ilẹ̀ wa. Ayọ̀ ńlá ni, ó sì yẹ kí orí gbogbo wa wú. Síbẹ̀, owó tó wọlé ń sọ fún wa pé èèyàn lọ wò ó ni. Kò sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn nígbà tí wọ́n ń jáde bọ̀. Pálọ̀ ni ìdájọ́ òǹwòran ti ṣì ń wáyé ní kíkún, tòun ti ìdí tí wọ́n fi dá a. Ìdí nìyẹn tí bí pálọ̀ ṣe ń dájọ́ fi ká mi lára.

Ní 1951, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, Solomon Asch, gbé ìdánwò kan kalẹ̀. Ó kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin jọ sínú yàrá, ó fi ìlà kan hàn wọ́n, ó tún fi ìlà mẹ́ta mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n mú èyí tí gígùn rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu. Ọmọdé ò lè ṣì í. Àmọ́ ẹnìkan ṣoṣo nínú yàrá ni kò mọ̀ pé Asch ti bá àwọn yòókù dì í tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n jọ máa mú èyí tí kò tọ́. Ẹni náà á gbọ́ ìdáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó kàn án. Nígbà tí wọ́n ka gbogbo rẹ̀ jọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé nínú ìdáhùn mẹ́ta, ọ̀kan ló tẹ̀ lé irọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́. Bẹ́ẹ̀ nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dá wà, agbára káká ló fi ń ṣì í. Asch kò dúró síbẹ̀. Nígbà tó jẹ́ kí ẹni náà kọ ìdáhùn tirẹ̀ sórí bébà dípò kó pè é sókè, àṣìṣe náà dín kù gan-an. Nígbà tó sì jẹ́ kí ẹyọ ẹnìkan péré nínú àwọn yòókù sọ òtítọ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù. Bí ohùn ẹgbẹ́ bá lè mú èèyàn sẹ́ ìlà tó fi ojú ara rẹ̀ rí, kí ni a fẹ́ sọ nípa fíìmù, tí kò sí rúlà tí ẹnikẹ́ni lè fi wọ̀n ọ́n?

Ẹ wá gbé e wá sí pálọ̀ tiwa, níbi tí ọ̀wọ̀ ti wà nílẹ̀ kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó dàgbà jù, tàbí ẹni tó ni tẹlifíṣọ̀n, tàbí ẹni tó ra epo, ló sábà máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí bùrọ̀dá bá ní, "Eré yìí dára o, mẹ́sàn-án ni mo fún un," àbúrò tí ọkàn rẹ̀ ti wà lórí mẹ́rin á gbé e lọ sí méje, kó má baà dà bíi pé ó ń já bùrọ̀dá nírọ́. Kò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Àgbà ló bọ̀wọ̀ fún. Àwọn kan á wá sọ pé ohun tí mo ń wí yìí máa kọ́ ọmọdé ní àfojúdi. Rárá o, òdìkejì rẹ̀ ni. Ẹni tó kọ mẹ́rin kí ẹ̀gbọ́n tó sọ̀rọ̀ kò ta ko ẹ̀gbọ́n, nítorí ẹ̀gbọ́n kò tíì sọ nǹkan kan tí wọ́n lè ta kò. Àwọn bàbá wa tó ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, wọn ò ní kí ọgbọ́n ọmọdé kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ti àgbà kó tó jáde. Àǹfààní sì wà níbẹ̀ fún àgbà fúnra rẹ̀. Àgbà tí gbogbo ilé ń gbà fún ní gbogbo ìgbà kò lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni òun sọ tàbí ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń dá òun lóhùn. Ìgbà tó bá ṣí bébà tó rí i pé ẹni mẹ́ta nínú márùn-ún bá òun dé orí mẹ́sàn-án láìgbọ́ tòun ni inú rẹ̀ tó lè dùn dénú.

Ẹnìkan lè ní, bí àwọn èèyàn bá tiẹ̀ ń wo ẹnu ara wọn, ṣebí èyí tó dára náà ló máa borí níkẹyìn? Àwọn olùwádìí mẹ́ta, Matthew Salganik, Peter Dodds àti Duncan Watts, wádìí èyí, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 2006. Orin 48 tí kò sẹ́ni tó mọ àwọn tó kọ wọ́n ni wọ́n gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ju 14,000 lọ sì gbọ́ wọn, wọ́n fún wọn ní máàkì, wọ́n mú èyí tó wù wọ́n lọ. Àwọn kan kò rí ohun tí ẹnikẹ́ni ṣe ṣáájú wọn. Wọ́n pín àwọn yòókù sí ọ̀wọ́ mẹ́jọ, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sì ń rí iye àwọn ará ọ̀wọ́ rẹ̀ tó ti mú orin kọ̀ọ̀kan. Orin kan wà tó ṣe ipò 26 lọ́dọ̀ àwọn tó dá pinnu. Nínú ọ̀wọ́ kan, ó gba ipò kìíní. Nínú ọ̀wọ́ mìíràn, ipò 40 ló bọ́ sí. Orin kan náà ni, irú èèyàn kan náà ló gbọ́ ọ. Ọ̀nà tí àwọn tó kọ́kọ́ dé gbà ni àwọn tó kù tẹ̀ lé. Ó yẹ kí n fi kún un pé orin tó dára jù kì í sábà já sí ìsàlẹ̀ pátápátá, èyí tó burú jù kì í sì í sábà gòkè. Ẹni tó bá ń sọ pé ojúlówó máa ń borí kò jìnnà sí òótọ́ nípa àwọn wọ̀nyẹn. Àwọn tó wà láàárín ni ọ̀rọ̀ dojú rú fún, àárín yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ jù lọ fíìmù tí à ń wò wà. Ẹ fi èyí wé ohun tí onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, Francis Galton, tẹ̀ jáde ní 1907. Níbi ìpàtẹ ẹran ọ̀sìn kan ní Plymouth, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní kí àwọn èrò kọ sórí ìwé pélébé bí màlúù kan ṣe máa wúwo tó bí wọ́n bá pa á, tí wọ́n sì kùn ún tán. Ìwé 787 ló ṣeé kà. Èyí tó bọ́ sí àárín gbùngbùn gbogbo wọn jẹ́ 1,207 páùn. Ẹran náà wọn 1,198. Alápatà wà nínú wọn, àwọn tí kò mọ nǹkan kan nípa màlúù náà wà níbẹ̀, oníkálùkù sì kọ tirẹ̀ láìgbọ́ ti ẹnìkejì.

Àtakò tí mo mọ̀ pé ó ti wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi báyìí ni pé èèyàn ń wo fíìmù kó lè gbádùn ara rẹ̀ ni. Bí a bá kó bébà àti bírò dé, ó ti di ìdánwò nìyẹn. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni jókòó bíi pé ó wà nínú yàrá WAEC. Ẹ kígbe sí òṣèré pé kó má wọlé yẹn, ẹ ṣépè fún ìyá ọkọ, ẹ rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ á fi máa dùn yín. Bí Yorùbá ṣe ń wòran nìyẹn, ẹni tó bá ní ká dákẹ́ ti gba ìdajì adùn rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Òótọ́ ni pé ẹ̀rín ń ran èèyàn, ẹ̀rín ọ̀rẹ́ yín sì lè gbé máàkì yín sókè díẹ̀. Ìyẹn ò lè ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ní kí ẹ fi pamọ́ fún ìṣẹ́jú kan péré, láàárín ìgbà tí fíìmù parí sí ìgbà tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, ni ìdájọ́ yín. Ẹ sì máa rí i pé àríyànjiyàn tó tẹ̀ lé e máa dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí gbogbo ilé bá ti gba ibi tí bùrọ̀dá gbà, kí ló kù láti jiyàn lé lórí? Bí bébà bá ṣí tí ẹnìkan kọ mẹ́ta, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì í kọ mẹ́sàn-án, ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àtakò mìíràn wà tó wúwo ju ìyẹn lọ: pé iṣẹ́ ọnà kò ṣeé fi nọ́ńbà wọ̀n. Ẹ mú Ṣaworoidẹ, tí Túndé Kèlání darí, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì kọ, tó jáde ní 1999. Ìtàn ìlú Jogbo ni, níbi tí àdéhùn wà láàárín ọba, ìlù àti adé, tí ọba Lápité sì fẹ́ jẹ adùn oyè láìwọ inú àdéhùn náà. Adébáyọ̀ Fálétí wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Ọ̀pálábá, ó ń fi òwe àti ẹ̀fẹ̀ bá àwọn ìjòyè wí lójú ara wọn. Ọmọ ogún ọdún tí kò gbọ́ òwe dáadáa lè wò ó kó ní ó fà, kó fún un ní márùn-ún. Ẹni tó rántí bí ológun ṣe fi ìbọn gba ìjọba lọ́wọ́ ológun ẹgbẹ́ rẹ̀, tó sì mọ̀ pé ọdún tí fíìmù yẹn jáde gan-an ni ológun gbé ìjọba sílẹ̀, lè fún un ní mẹ́wàá kó sì máa wá ibi tí yóò fi kún un sí. Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn. Nítorí náà, mo gbà pé nọ́ńbà kò wọn Ṣaworoidẹ. Ohun tó ṣe ni pé ó jẹ́ ká mọ̀ pé ẹni méjì tó jókòó sórí àga kan náà kò rí nǹkan kan náà. Ká ní wọn ò kọ ọ́, ọmọ ogún ọdún náà á ti dákẹ́, àgbà náà kò sì ní mọ̀ pé ẹnìkan wà nítòsí tó yẹ kí òun túmọ̀ òwe fún.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ọ̀rọ̀ tẹ̀ lé bébà, kí bébà kejì sì tẹ̀ lé ọ̀rọ̀. Ẹni tí máàkì rẹ̀ kéré jù ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, nítorí òun ni ojú máa ń tì jù. Ẹni tó fún un ní máàkì tó ga jù á wá fèsì. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé "kò ṣáà dùn mọ́ mi." Kó sọ ìran tó ń wí, kó sọ ọ̀rọ̀ tí òṣèré sọ níbẹ̀, kó sọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe tí wọn ò ṣe. Lẹ́yìn èyí, ẹni tó bá fẹ́ yí máàkì rẹ̀ padà, kó kọ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ti tẹ́lẹ̀, kó má pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Àwọn olùwádìí ilé iṣẹ́ RAND ní Amẹ́ríkà ti ń lo irú ètò yìí láti àwọn ọdún 1950 wá fún ọ̀rọ̀ tó le ju fíìmù lọ: àwọn ògbógi á kọ èrò wọn láìfi orúkọ sí i, wọ́n á ka ìdí àwọn yòókù, wọ́n á tún kọ. Bó bá jẹ́ àlàyé ló yí máàkì yín padà, ẹ ti rí nǹkan kọ́. Bó bá jẹ́ ìtìjú ni, ti àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀, ó ń jẹ́rìí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, torí pé ibẹ̀ ni mo ti rò pé a máa ń ṣi ara wa lọ́nà jù. Láti ayé Ògúndé, ìbéèrè tí Yorùbá ń bi eré ni pé kí ló kọ́ wa. Ìbéèrè tó dára ni, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jù ú nù nítorí pé àwọn aláríwísí òkè òkun ń fi ìràwọ̀ dájọ́. Àmọ́ ó ti di agboòrùn tí àwọn tí kò ṣiṣẹ́ wọn dáadáa ń sá sábẹ́ rẹ̀. Ohùn ò já gaara, ìmọ́lẹ̀ ò dára, òṣèré ń wá ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ, ìran kan náà ń tún ara rẹ̀ ṣe. Bí a bá ti wò ó tán, ẹnìkan á ní, "Ṣùgbọ́n ó kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́," ẹnu gbogbo wa á sì pa mọ́. Mo ní kí ẹ ya máàkì méjì sọ́tọ̀, ọ̀kan fún bí wọ́n ṣe ṣiṣẹ́, ọ̀kan fún ohun tí eré náà fi kọ́ wa. Kódà lórí ti ẹ̀kọ́, ẹ má jẹ́ kó rọrùn. Ẹ̀kọ́ tí wòlíì tàbí babaláwo kan já wọlé wá kà jáde ní ìṣẹ́jú márùn-ún ìparí, lẹ́yìn tí ẹni burúkú ti fi wákàtí méjì jẹgbádùn, kò wọ inú ìtàn náà rárá. Ohun tí a rí nínú ìwà àwọn èèyàn inú eré, láti ìgbésẹ̀ kan dé òmíràn, ni ẹ̀kọ́. Lápité kò nílò ẹni tó máa wàásù fún un. Ohun tó kọ̀ láti ṣe níbẹ̀rẹ̀ ló ń lé e bọ̀ títí dé òpin.

Nígbà tí ẹ bá ń ṣírò, ẹ má kàn rò ó pọ̀ kí ẹ pín in. Ọ̀rẹ́ márùn-ún lè fún fíìmù kan ní mẹ́fà mẹ́fà, àròpọ̀ rẹ̀ á jẹ́ 30. Wọ́n lè fún òmíràn ní mẹ́wàá, mẹ́wàá, mẹ́fà, méjì àti méjì, àròpọ̀ rẹ̀ á jẹ́ 30 bákan náà. Bí a bá pín in, mẹ́fà ni méjèèjì. Bẹ́ẹ̀, àkọ́kọ́ jẹ́ fíìmù tí kò bí ẹnikẹ́ni nínú, tí kò sì múnú ẹnikẹ́ni dùn púpọ̀. Èkejì ni mo fẹ́ lọ wò. Ẹ kọ gbogbo máàkì sínú ìwé, pẹ̀lú gbólóhùn kan tàbí méjì tó jẹ́ ìdí rẹ̀. Ẹ sì ro àwọn tó ń jókòó pẹ̀lú yín wò. Ọ̀rẹ́ márùn-ún tó jọ kàwé, tó jọ jẹ́ ọkùnrin, tó jọ wà ní ọmọ ọdún méjìlélógún, á ṣi nǹkan kan náà lọ́nà kan náà, bébà ò sì lè gbà wọ́n lọ́wọ́ ìyẹn. Ẹ pe ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tí yóò sọ fún yín bóyá ìyàwó inú eré ń hùwà bí obìnrin tí òun mọ̀. Ẹ pe màmá tó ń tajà lójúde yín. Àwa ará Àkókó, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní ohun kan tí ẹgbẹ́ òǹwòran Èkó kò ní: àwọn ìlú wa súnmọ́ ara wọn, ahọ́n wa sì pọ̀, débi pé ẹni tó rìn láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀kà ti gbọ́ oríṣiríṣi èdè kó tó délé. Etí wa mọ ìyàtọ̀. Nígbà tí fíìmù bá ní inú ìlú kan ní Ìlà Oòrùn Yorùbá ni ìtàn òun ti ṣẹlẹ̀, tí gbogbo èèyàn inú rẹ̀, láti orí ọba dórí ọmọ ọ̀dọ̀, ń sọ Yorùbá Èkó, àwa la lè tọ́ka sí i. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti ń rí àwọn oníṣẹ́ fíìmù. Kúnlé Afọláyan ya lára fíìmù rẹ̀, October 1, tó jáde ní 2014, ní Ìlárá-Mọ̀kín, kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Wọ́n tún máa wá. Yóò dára kí wọ́n bá àwọn òǹwòran tó lè sọ ohun tí etí wọn gbọ́.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ẹgbẹ́ tó ń pa owó pọ̀ wo fíìmù kan ń já òṣèré lólè, wọ́n sì rántí ohun tó dé bá Bàbá Sàlá. Ohun tó pa Ọ̀run Mooru lára ni ẹ̀dà tí wọ́n jí kọ tí wọ́n sì ń tà. Ọ̀rẹ́ márùn-ún tó jọ wo ẹ̀dà kan tí wọ́n sanwó fún kò jọ ìyẹn. Èyí tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ sí yín lórí Telegram láìsanwó ló jọ ọ́, ẹ má sì fi irú rẹ̀ ṣe ìpàdé yín. Bí àwọn ọmọdé bá wà nínú ilé, ẹ wo àmì ọjọ́ orí tí NFVCB, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin gbé kalẹ̀ ní 1993 láti máa yẹ fíìmù àti fídíò wò, fi sí ara rẹ̀ kí ẹ tó tan tẹlifíṣọ̀n.

Ta ló máa wá gbọ́ máàkì yín? Bó bá jẹ́ orí YouTube lẹ ti wò ó, àyè wà nísàlẹ̀ eré tí ẹ lè kọ ọ̀rọ̀ sí, àwọn tó ṣe é sì lè kà á. Dípò "eré yìí dùn gan-an," ẹ kọ ọ́ pé àwa márùn-ún la jókòó wò ó, bí máàkì wa ṣe rí nìyí, ibi tí ohùn ti ń já nìyí, ìran tó gún wa lọ́kàn nìyí. Kò ní dé etí wọn bí òṣé gbọ̀ngàn ṣe ń dé etí Ògúndé, àmọ́ ó sàn ju ìdákẹ́jẹ́ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ fíìmù tí ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀, ẹ mú Ṣaworoidẹ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ mú Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan, tó jáde ní 2022, ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó gbé agbára tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ́wọ́ ló wà nínú àwọn méjèèjì: Lápité pẹ̀lú adé rẹ̀, Sàró ahunṣọ pẹ̀lú agbára ẹyẹ àkàlà. Ẹ wo èyí tí ìṣubú rẹ̀ ti inú ìwà ara rẹ̀ wá, àti èyí tí òǹkọ̀wé tì lẹ́yìn kó lè ṣubú. Ẹni tó bá fún Aníkúlápó ní máàkì tó ju ti Ṣaworoidẹ lọ, ẹ ní kó dárúkọ ìran tó mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sì ṣe òdìkejì rẹ̀, òun náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò.